Edward Harkness: Àrólé Olówó Epo Tí Kò Fẹ́ Ariwo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n àrólé kan gbé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò ta ilé bàbá rẹ̀, tí ó sì fi ogún náà kọ́ ilé fún ọmọ ọlọ́mọ. Edward Stephen Harkness ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ̀yin òǹkàwé wa kò bá gbọ́ orúkọ náà rí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ó rí.

Ìlú Cleveland ni a ti bí i ní 1874. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kówó lé òwò John D. Rockefeller, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Standard Oil sílẹ̀ ní 1870. Epo àtùpà ni òwò wọn nígbà náà, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé. Bàbá kú ní 1888. Nígbà tí Charles ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì kú ní 1916, èjìká Edward ni ẹrù ogún náà bọ́ sí.

Kí a má fi òtítọ́ pamọ́: owó náà kò mọ́ tónítóní. Standard Oil tẹ ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké rì, títí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní 1911 pé kí a pín in sí wẹ́wẹ́. Ohun tí ó kù fún àrólé láti yàn ni ohun tí yóò fi owó náà ṣe.

Ní 1918, ìyá rẹ̀ dá àjọ Commonwealth Fund sílẹ̀, Edward sì ni ààrẹ rẹ̀. Àjọ náà kọ́ ilé ìwòsàn sí àwọn ìgbèríko. Ní 1930, ó fi mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn ta ilẹ̀ Bìrìtéènì lọ́rẹ. Gbogbo ọrẹ rẹ̀ ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, èyí tí ó kàn yín rè é. Ní 1930 kan náà, ó fún ilé-ìwé Phillips Exeter ní owó ńlá, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí olùkọ́ àti àwọn ọmọ díẹ̀ jókòó yí tábìlì kan ká, kí wọ́n jọ máa fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ tí òye rẹ̀ kò yá tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè la ẹnu. Onítìjú ènìyàn ni òun fúnra rẹ̀. Títí di òní, bí ọmọ méjìlá ni ó ń yí tábìlì náà ká.

Harkness kú ní 1940. Kò bí ọmọ kankan. Nàìjíríà náà ti ń ta epo sí òkè òkun láti 1958. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọmọ tálákà mélòó ni owó epo tiwa ti fún ní ìjókòó, àti ìgboyà láti sọ̀rọ̀?