Orúkọ fún Àlébù Àbímọ́ Inú Olú Òpó-Ẹ̀jẹ̀

Ẹrù tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ náà "iṣan" pọ̀ jù nínú èdè Yorùbá. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ohun tí ó so ẹran mọ́ eegun, àti ohun tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, iṣan ni gbogbo wọn ń jẹ́. Bí dókítà bá sọ fún ìyá ìkókó pé iṣan ọmọ rẹ̀ ní àlébù, ẹsẹ̀ ọmọ ni ìyá lè máa wò, nígbà tí ewu wà ní àyà. Ìdí nìyí tí "òpó-ẹ̀jẹ̀" fi yẹ, kí èyí tí ó tóbi jù lọ, tí ó ti inú ọkàn jáde, sì máa jẹ́ "olú òpó".

Olú òpó a máa tẹ̀ bí ìwọ̀ lókè ọkàn kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ikùn. Àlébù mẹ́ta tí ó máa ń wà níbi ìtẹ̀ yìí nílò orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkíní ni kí òpó há níbì kan. Ipá ẹ̀jẹ̀ yóò ga ní apá, yóò sì lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀. "Ìfún olú òpó" ìbá dára, ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, ìfun ni òǹkàwé yóò kà. "Híhá olú òpó" kò ní ewu yìí.

Èkejì ni "ìtẹ̀ méjì", tí òpó pín sí méjì yí ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ ká. Ọmọ yóò máa mí pẹ̀lú ariwo, oúnjẹ yóò sì máa há a lọ́fun. Robert Gross ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú rẹ̀ ní Boston ní 1945. Nígbà náà, báríọ́ọ̀mù tí ọmọ mu ni ó ń fi ibi tí òpó ti tẹ ọ̀nà oúnjẹ hàn nínú àwòrán X-ray. Lónìí, ẹ̀rọ CT àti MRI ń fi òrùka náà gan-an hàn. "Òrùka òpó" ni orúkọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀; "ìtẹ̀ méjì" jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀kẹta ni kí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ olú òpó má kan ara wọn rárá. Ọ̀nà kékeré kan tí ọmọ ń lò nínú oyún ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ara. Bí ó bá pa dé lẹ́yìn ìbí, bí ó ti máa ń ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀mí ọmọ wọ ewu. Ẹ̀rọ tí ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ yàwòrán ọkàn, èyí tí Inge Edler àti Hellmuth Hertz bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Lund, ní Sweden, ní 1953, ń fi àlàfo náà hàn. Àwọn kan lè pè é ní "jíjá olú òpó". Ṣùgbọ́n ohun tí ó já ti wà ní sísopọ̀ rí, ìyá yóò sì bèèrè ohun tí òun ṣe tí ó fi já. "Àìsopọ̀ olú òpó" ni òtítọ́ tí àwòrán sọ: bẹ́ẹ̀ ni a bí ọmọ, ẹnikẹ́ni kò já a.