Ìbọn Tí Ń Bu Ọdẹ Jẹ Ní Ìka

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọjọ́ Sátidé ṣe ọdẹ àparò àti ọ̀yà, tí ẹ sì ń padà sí ìsọ̀ tàbí sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní bá wí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń tọ́jú ìka kan tí ó wú, tí ẹ̀jẹ̀ ti kú sí lábẹ́ awọ rẹ̀. Olùkọ́ kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú bí ó ti yẹ; oníṣòwò kò lè ka owó tàbí kí ó di ẹrù láìṣe háà. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni ó ṣe wọ́n, wọn a ní ìbọn ni. Bí a bá tún bi wọ́n pé ibo lára ìbọn, wọn a dákẹ́.

Ìbọn tí mo ń sọ kì í ṣe ṣakabùlà tí à ń ki láti ẹnu. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì, tí à ń tẹ̀ ní àárín kí ìdí ọ̀pá rẹ̀ lè ṣí láti gba ọta méjì. Apátí méjì ni ó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ti iwájú ni ó máa ń yin ọ̀pá ọ̀tún, ti ẹ̀yìn a sì yin ti òsì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ó tẹ̀ bí etí ife, yí àwọn apátí náà ká kí ẹ̀ka igi tàbí aṣọ má baà fà wọ́n lójijì. Irin aláàbò yìí, tí wọ́n fi síbẹ̀ fún ire wa, òun gan-an ni ó ń lù wá.

Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìka ìfábẹ̀lá, tí ó ń fa apátí, ni ó ń jìyà. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìka àárín ni ìyà náà ń jẹ jù, nítorí òun ni ó dì mọ́ ọrùn ìbọn gẹ́lẹ́ lẹ́yìn irin náà. Bí ọta bá ti jáde lọ síwájú, ìbọn a ta sẹ́yìn. Ìbọn tí ó wọn pọ́n-ùn 6, tí a fi yin ọta wẹ́wẹ́ áúnsì 1, a máa fi eré bí ẹsẹ̀ bàtà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan padà bọ̀ wá bá wa. Èjìká ni ó yẹ kí ó gba eré yẹn. Bí ìdí ìbọn kò bá fara ti èjìká dáadáa, tàbí tí ọwọ́ bá dẹ̀, irin náà á ti rìn kí èjìká tó dá a dúró, ìka àárín ni yóò sì kọ́kọ́ pàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìka wíwú lásán ni. Ìka tí ó ti jìyà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù a máa ba olúwa rẹ̀. Kí ìbọn tó dún ni yóò ti pajú dé, tí ẹnu ìbọn á sì ti yẹ̀. Àparò á fò lọ, tàbí kí ọta bà á ní ìyẹ́ kí ó lọ kú sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti ẹni tí ó di ìbọn mú gbẹ̀fẹ́ kí ìka àárín lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà, tí ó wá ki ìka ìfábẹ̀lá wọlé jìnnà. Nígbà tí ìbọn bá ta, ìka náà lè yọ̀ kúrò lórí apátí iwájú kí ó bọ́ sórí ti ẹ̀yìn, kí ọ̀pá kejì sì dún nígbà tí olúwa rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Mélòó mélòó ni ìbọn tí ó yìn láìjẹ́ pé a fẹ́ kí ó yìn.

Ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣí ìbọn, ẹ wo ihò méjèèjì pé kò sí ọta níbẹ̀, kí ẹ sì tún un wò. Ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn. Wàyí o, ẹ gbé e lé èjìká bí ẹni tí yóò yìn ín. Ibi tí ó rọ̀ ní orí ìka ìfábẹ̀lá ni kí ó kan apátí, kì í ṣe kọ̀rọ̀ oríkèé. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ á sún sẹ́yìn díẹ̀, àlàfo á sì wà láàárín ìka àárín àti irin. Bí pẹ́ńsù bá lè gba ibẹ̀ kọjá, ó dára. Lẹ́yìn èyí ẹ fi ìka mẹ́ta ìyókù di ọrùn ìbọn mú ṣinṣin, kí ẹ fà á wọ inú èjìká. Bí ẹ bá fẹ́ yin ọ̀pá kejì, ìka nìkan kọ́ ni ẹ óò fà sẹ́yìn. Gbogbo ọwọ́ ni kí ó sún bí ìńṣì 1, nítorí bẹ́ẹ̀ ni apátí méjèèjì ṣe jìnnà sí ara wọn. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń ṣe ọrùn ìbọn alápátí méjì ní gbọọrọ, kí ọwọ́ lè rìn lórí rẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ti tọ́ tí ìka ṣì ń wú, ó ṣeé ṣe kí ìbọn kúrú fún ẹni tí ó ń lò ó. Ìbọn kò yàtọ̀ sí agbádá: èyí tí wọ́n rán fún bàbá kúkúrú, kò lè bá ọmọ rẹ̀ gíga mu. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ wa ni a jogún (ẹ rántí pé òfin ìbọn ọdún 1959 ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀), ta ni ó sì wọn apá wa nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ igi rẹ̀? Láti apátí iwájú dé àárín ìdí ìbọn, ìńṣì 14 sí 14½ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin tí kò ga jù tí kò sì kúrú jù. Àwọn kan a máa fi ìdí ìbọn sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ní bí ìka bá ti kan apátí, ó ti tó. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ìyẹn kò sọ ohunkóhun nípa ọrùn, igẹ̀ àti èjìká ẹni. Ẹ gbé ìbọn òfìfo lé èjìká, kí ẹlòmíràn dúró ní ẹ̀gbẹ́ yín, kì í ṣe níwájú, kí ó wo àtàńpàkò yín. Kí bí ìbú ìka méjì wà láàárín rẹ̀ àti imú. Bí ó bá ń kan imú, ìbọn náà kúrú, imú á sì gba tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Rọ́bà tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí ìbọn, tàbí awọ tí wọ́n ń fi bọ̀ ọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, á mú un gùn sí i, á sì tu èjìká lára. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni kí ẹ gbé e fún, kì í ṣe káfíńtà tí ń kan àga.

Ọta náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òfin àtijọ́ kan wà láàárín àwọn oníṣẹ́ ìbọn, tí wọ́n máa ń dá orúkọ W. W. Greener ti Birmingham mọ́: kí ìbọn wúwo tó ìlọ́po 96 ọta wẹ́wẹ́ tí yóò yìn. Pọ́n-ùn 6 fún áúnsì 1 nìyẹn, àti pọ́n-ùn 7½ fún áúnsì 1¼. Ẹni tí ó wá ki áúnsì 1¼ sí ìbọn pọ́n-ùn 6, ẹjọ́ ta ni yóò rò? Áúnsì 1 tó fún àparò. Ẹ sì ṣọ́ra: ìbọn tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìńṣì 2½ kò gbọ́dọ̀ gba ọta ìńṣì 2¾ tàbí 3, bí ó tilẹ̀ wọlé. Bí ẹnu páálí ọta bá là nínú rẹ̀, á há ọ̀nà mọ́ ọta, agbára tí kò yẹ á sì ru sókè nínú ọ̀pá.

Rọ́bà kékeré kan wà bí òrùka, tí a ń tì bọ ẹ̀yìn irin aláàbò. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n kì í tún ọwọ́ tí ó dẹ̀ ṣe. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a wé mọ́ ibẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ bí kò bá súnmọ́ apátí. Ẹ má fi àkísà wé e o! Okùn rẹ̀ a máa tú, a sì lè kọ́ apátí. Àwọn ìbọn olówó ńlá kan tilẹ̀ ní apátí iwájú tí ó ń yẹ̀ síwájú, kí ó má baà lu ẹ̀yìn ìka nígbà tí a bá ń fa ti ẹ̀yìn. Etí irin wọn lápá ọ̀tún sì nípọn, ó sì yí róbótó, kí ó má baà gé ìka ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì tí ó bá ra irú rẹ̀ kò ní jẹ nínú àǹfààní yẹn.

Ẹ bọ́ òrùka kúrò ní ọwọ́ kí ẹ tó jáde lọ yìnbọn. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá sì ti wú, kí ó fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù lé e, kí ó má fọwọ́ fà á. Bí ìka bá wọ́, tàbí tí kò ká mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ kí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, kí ó sì gbé ìbọn kọ́ títí ìka náà yóò fi lè ká láìsí ìrora.