Nọ́ńbà àṣírí tó ń gbé èèyàn dé iwájú Mike Tyson: ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣubú kí ìjà tó gbóná

Nọ́ńbà mẹ́wàá péré ni: 007-373-5963. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sínú géèmù ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mike Tyson's Punch-Out!! kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lójú ọ̀nà mọ́. Kò ní rí Glass Joe, kò ní rí King Hippo, kò sì ní rí Bald Bull. Tààrà ló máa bá ara rẹ̀ níwájú Mike Tyson, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù nígbà náà.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e kì í pẹ́ rárá. Aago ìjà á bẹ̀rẹ̀, Tyson á ju ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ kékeré tí èèyàn ń fi pádì darí á sì nà gbalaja sílẹ̀. Ó dìde, Tyson tún gbá a. Ó tún dìde, Tyson tún gbá a. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹta nínú abala kan, ìjà ti parí nìyẹn.

Kí ló dé tí ìjà yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ó tiẹ̀ ṣeé borí? Ó ṣeé borí dáadáa. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ló yẹ kí wọ́n gbà.

Ibo ni géèmù yìí ti wá?

Ilé iṣẹ́ Nintendo ti orílẹ̀-èdè Japan ló ṣe é. Ọdún 1984 ni Punch-Out!! àkọ́kọ́ jáde, lórí ẹ̀rọ ńlá tí èèyàn máa ń fi owó ẹyọ sí kó tó lè ta á. Nígbà tó di ọdún 1987, ọ̀gbẹ́ni Genyo Takeda àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e wá sórí ẹ̀rọ géèmù tí èèyàn lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé.

Orúkọ abẹ̀ṣẹ́ tí èèyàn máa darí ni Little Mac, ọmọ ọdún 17 láti àdúgbò Bronx nílùú New York. Ó kéré gan-an, àwọn alátakò rẹ̀ sì rí fìrìgbọ̀n bí òkè. Kì í ṣe àwàdà nìkan ló fà á. Nínú ti ọdún 1984, ara abẹ̀ṣẹ́ náà dà bí wáyà lásán, èèyàn lè rí alátakò láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé kò lágbára láti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá sọ Mac di kékeré kó má baà dí ojú ẹni tó ń ta géèmù. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe géèmù yìí kí èèyàn lè rí alátakò rẹ̀ dáadáa.

Tyson ńkọ́? Ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1986 ló na Trevor Berbick ní abala kejì, tó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé. Ọmọ ogún ọdún péré ni. Títí dòní, kò tíì sí ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tó gba bẹ́líìtì àwọn òmìrán abẹ̀ṣẹ́. Minoru Arakawa, tó jẹ́ ọ̀gá Nintendo ní Amẹ́ríkà nígbà náà, rí bó ṣe ń jà, ó sì ní kí wọ́n lọ bá a ṣe àdéhùn láti lo orúkọ àti ojú rẹ̀. Nintendo tún fi ẹ̀dà kan tó ní àwọ̀ wúrà ṣe ẹ̀bùn ìdíje ní Japan. Tyson kò sí nínú ìyẹn. Super Macho Man ni alátakò tó kẹ́yìn níbẹ̀.

Kí ni nọ́ńbà náà wà fún?

Ìjà mẹ́tàlá ló wà nílẹ̀ kéèyàn tó dé ọ̀dọ̀ Tyson. Nígbà náà, géèmù yìí kì í fúnra rẹ̀ tọ́jú ibi tí èèyàn bá a dé. Nọ́ńbà ló máa ń fún èèyàn, kó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, kó sì tẹ̀ síwájú. Èyí tó ń gbéni dé ọ̀dọ̀ Tyson ló wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, táwọn ọmọ ń kọ sẹ́yìn ìwé, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn nílé ìwé.

Ohun kan tún wà nínú nọ́ńbà yìí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn ará Japan máa ń ka nọ́ńbà bí ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, 5963 ṣeé kà sí "gokurōsan", ìyẹn ni ohun tí Yorùbá ń pè ní "ẹ kú iṣẹ́". Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀nà àbùjá dé ibẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ kankan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Bí Tyson ṣe ń jà

Abala mẹ́ta ni ìjà náà ní. Ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ àkọ́kọ́ lórí aago inú géèmù, ẹ̀ṣẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sí àgbọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní uppercut, ni Tyson máa ń jù léraléra. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti tó láti dá Mac lulẹ̀. Kò sí pé ó bà á díẹ̀, kò sì sí pé ó ṣì lókun nínú. Tó bá ti bà á, ilẹ̀ ni.

Tí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ yẹn bá ti kọjá, irú ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á yí padà. Èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá máa bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í dá èèyàn lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ó yára, ó sì ń jẹ okun Mac. Bí ìjà ṣe ń lọ, Tyson á máa pa ọwọ́ dà. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á ṣẹ́ kíá kí ẹ̀ṣẹ́ tó jáde.

Àṣírí ìjà náà wà nínú nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, Tyson kì í ju ẹ̀ṣẹ́ láìfún èèyàn ní àmì. Bó ti wù kí ó kéré tó, ara rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ á sọ ọ́. Ìkejì, àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ṣẹ́ kan àti èkejì kì í dọ́gba. Géèmù ló ń ṣẹ́ ẹ bí ẹni ń da ayò. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kà á lọ́kàn pé "oókan, eéjì, ó ti tó àkókò" máa jẹ ẹ̀ṣẹ́. Ojú lèèyàn fi ń wò ó. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ ni: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Lẹ́yìn tí Mac bá ti yẹra, ààyè díẹ̀ á ṣí sílẹ̀ fún un láti dá ẹ̀ṣẹ́ padà. Ààyè náà kéré. Ẹni tó bá fi ojúkòkòrò fẹ́ ju ìkan lé e, èyí tó ń bọ̀ ló máa bá a níbẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé Mac ní ọkàn kéékèèké tí wọ́n ń kà lókè. Tí alátakò bá ń dí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ń gbá a, ọkàn wọ̀nyí á máa dín kù. Tó bá tán, àwọ̀ Mac á yí padà, kò sì ní lè ju ẹ̀ṣẹ́ mọ́ títí tó fi máa yẹra fúngbà díẹ̀. Ìyẹn ni pé géèmù fúnra rẹ̀ máa ń fìyà jẹ ẹni tó bá ń ju ọwọ́ lásán.

Ohun tí ọ̀nà jíjìn ń kọ́ni

Ibi tí ọ̀nà àbùjá ti ń dalẹ̀ rèé. Ẹ̀kọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí nọ́ńbà yẹn mú èèyàn fò kọjá. Òkúta iyebíye tó wà lórí láwàní Great Tiger máa ń tàn yẹ́ríyẹ́rí kó tó ju ẹ̀ṣẹ́. King Hippo máa ń la ẹnu, ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbá a, tí ṣòkòtò rẹ̀ á sì já wálẹ̀ tí ikùn á fi hàn. Tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan báyìí, kò ní dìde mọ́. Bald Bull máa ń sáré bọ̀ bí akọ màlúù, ẹ̀ṣẹ́ kan sí ikùn lásìkò tó yẹ gan-an á sì gbé e lulẹ̀.

Ti Bald Bull yìí ló ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù. Lọ́dún 2009, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Nintendo fúnra rẹ̀ gbé jáde, ó hàn síta pé kámẹ́rà kan máa ń tàn láàárín èrò ìwòran ní àsìkò tó yẹ kí èèyàn gbá a. Ọdún méjìlélógún ni nǹkan yìí fi wà níwájú gbogbo èèyàn! Nígbà tó tún di ọdún 2016, àwọn òṣèré géèmù ṣàkíyèsí pé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó jókòó láàárín èrò náà máa ń tẹ orí wálẹ̀ láti fúnni ní irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí kọjá, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Tyson, ojú rẹ̀ á ti mọ́ bí a ṣe ń wá àmì. Ẹni tó fi nọ́ńbà wọlé máa kọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́wọ́ olùkọ́ tí kì í dárí jini. Nọ́ńbà lè ṣí ilẹ̀kùn o, ṣùgbọ́n kò lè bá èèyàn ja ìjà tó wà nínú ilé.

Tyson gidi náà ṣubú

Ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1990, nílùú Tokyo, Tyson dojú kọ James "Buster" Douglas. Ìjà 37 ni Tyson ti jà, kò sì tíì pàdánù kankan. Kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ ka Douglas sí. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò tíì pé oṣù kan.

Douglas kò bá a fi agbára wé agbára. Ó ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó gùn lé Tyson sẹ́yìn, ó ń wò ó, ó ń yẹra. Ní abala kẹjọ, Tyson rí i gbá pẹ̀lú uppercut, Douglas sì ṣubú. Rẹfirí kà á dé ẹẹ́sàn-án kó tó dìde. Ní abala kẹwàá, Tyson ló wà nílẹ̀ tó ń fọwọ́ wá ohun tí wọ́n ń fi bo eyín rẹ̀. Bẹ́líìtì ti lọ.

Lọ́dún yẹn kan náà, Nintendo tún gbé géèmù náà jáde láìsí orúkọ Tyson, torí pé àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe ti tán. Wọ́n fi ẹnì kan tí kò sí láyé, Mr. Dream, rọ́pò rẹ̀. Ojú àti àwọ̀ nìkan ló yí padà. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, àmì rẹ̀ àti ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tó ń bani lẹ́rù yẹn, gbogbo rẹ̀ ló wà bó ṣe wà. Nọ́ńbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Àmọ́ ti géèmù yìí, orúkọ lọ, ìjà dúró.

Èyí tí kò ní nọ́ńbà

Nígbà tí Nintendo gbé Punch-Out!! tuntun jáde fún ẹ̀rọ Wii lọ́dún 2009, wọ́n tún fi ẹnì kan pamọ́ sínú rẹ̀: Donkey Kong, ọ̀bọ ńlá tó ti ń bá Mario fà á láti ọdún 1981. Nọ́ńbà kankan kò lè gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba bẹ́líìtì, kó tún jà láti má jẹ́ kí wọ́n gbà á, kó tó kan ìpele ìkẹyìn níbi tí alátakò kì í ti í tò tẹ̀léra. Ibẹ̀ ni ọ̀bọ náà ti lè yọjú nígbàkigbà. Ní ìpele yìí, tí Mac bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ó jọ pé àwọn tó ṣe é ti kọ́gbọ́n lára nọ́ńbà àtijọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú

Ẹ̀dà Mr. Dream wà lára àwọn géèmù àtijọ́ tí Nintendo ń fún àwọn tó ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀rọ Switch. Ìmọ̀ràn tó dára jù ni pé kéèyàn má kọ́kọ́ wá bó ṣe máa borí. Kó fi ìjà àkọ́kọ́ wo Tyson tàbí Mr. Dream lásán: kó máa yẹra, kó má ju ẹ̀ṣẹ́ kankan, títí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ á fi kọjá. Ẹni tó bá ti lè ṣe ìyẹn láìṣubú ti ṣe èyí tó le jù. Lẹ́yìn náà ló kù kó máa dá ẹ̀ṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà, láìsí ojúkòkòrò.

Ẹ má rò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú eré yìí ń kánjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2025, òṣèré géèmù kan tó ń jẹ́ Summoning Salt lórí íntánẹ́ẹ̀tì na Tyson ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 59.97 lórí aago inú géèmù. Òun ló kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ ìṣẹ́jú méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìjà yẹn tó sì ti dá a dúró, kó tó di ọjọ́ náà. Onísùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún.