Orlando Martins: Ọmọ Èkó tó fi ipa kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá nínú sinimá

Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni òṣèré kan kì í dá sinimá ṣe. Ní Ògijo, ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí àwọn ènìyàn bá jókòó ti fíìmù lálẹ́, orúkọ olú ẹ̀dá-ìtàn ni wọ́n máa ń dá. Ẹni tí ó ṣe ìránṣẹ́, ẹni tí ó ṣe ìjòyè lẹ́yìn ọba, ẹni tí ó ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, ojú wọn ni a mọ̀, a kì í sábà mọ orúkọ wọn. Síbẹ̀, bí a bá yọ wọ́n kúrò, ìtàn náà kò ní lè rìn. Ọ̀kan lára irú àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀ ni Orlando Martins, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 1899, tí ó sì wà nínú sinimá àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ọjà. Nígbà tí ogun parí, ó fi London ṣe ibùgbé. Kò sí ẹni tí ó ń dúró dè é níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ gidi. Ó ṣe alárùú ní ọjà ẹja Billingsgate, ó ń ṣọ́dẹ lóru, ó bá àwọn eléré sákọ́ọ̀sì fi ejò pidán, ó sì ja ìjàkadì lábẹ́ orúkọ Black Butcher Johnson. Láti inú irú iṣẹ́ báyìí ni ó ti rí ọ̀nà dé orí ìtàgé, àti sínú sinimá tí kò tíì lóhùn, ní ọdún 1926.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ó yí padà lẹ́yìn èyí. Nínú sinimá àtijọ́, ẹnu òṣèré ń mì lásán ni. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni wọ́n ń kọ sójú àwòrán kí òǹwòran lè kà á. Ní ọdún 1927, fíìmù The Jazz Singer ní Amẹ́ríkà mú kí àwọn ènìyàn gbọ́ ohùn òṣèré. Ní ọdún 1929, Alfred Hitchcock gbé Blackmail jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ìrísí nìkan kò tó mọ́, ohùn di irinṣẹ́. Martins ga, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ gan-an. Bí ó bá sọ gbólóhùn kan péré, ẹni tí ó gbọ́ ọ kò ní tètè gbàgbé.

Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń fún aláwọ̀ dúdú sọ nígbà náà? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní ọdún 1935, Martins kópa nínú Sanders of the River, èyí tí Paul Robeson, olórin àti òṣèré dúdú ará Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olú òṣèré rẹ̀. Jomo Kenyatta, tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Kenya ní ọdún 1964, wà lára àwọn èrò inú fíìmù náà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, ìyìn ìjọba amúnisìn ni ó jáde. Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ pé òun bá wọn ṣe é. Bí olú òṣèré kò bá lè yí ìtàn padà, kí ni ẹni tí ó ṣe ipa kékeré fẹ́ ṣe? Bí ó bá kọ̀, wọn yóò pe ẹlòmíràn, ebi yóò sì wọlé tọ̀ ọ́.

Martins kò kọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ara rẹ̀ mọ síbẹ̀. Ní ọdún 1936, ó wà pẹ̀lú Robeson nínú fíìmù Song of Freedom. Ní ọdún kan náà, ó bá a ṣeré lórí ìtàgé nínú Toussaint L'Ouverture, tí C. L. R. James kọ nípa ẹrú tí ó ṣáájú ogun òmìnira ní Haiti. Ní ọdún 1946, ó ṣe Magole, oníṣègùn tí gbogbo abúlé ń bẹ̀rù, nínú Men of Two Worlds. Irú ipa tí òyìnbó fẹ́ràn láti fún aláwọ̀ dúdú ni, ṣùgbọ́n agbára tí ó fi ṣe é kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fojú di ẹni náà.

Iṣẹ́ tí ó fi ohun tí ipa kékeré lè ṣe hàn jù lọ ni The Hasty Heart, ti ọdún 1949. Ó ti kọ́kọ́ ṣe ipa yìí lórí ìtàgé ní London. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Burma ni ìtàn náà ti wáyé. Lachlan, ọmọ ogun Scotland tí Richard Todd ṣe, kò mọ̀ pé àìsàn òun kò ní oògùn. Wọ́n ní kí àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, tí Ronald Reagan, ẹni tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, wà lára wọn, ṣe dáadáa sí i. Martins ni Blossom, ọmọ ogun láti ilẹ̀ Basuto tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Lachlan mọ òtítọ́, inú bí i. Ó ní àánú lásán ni wọ́n ń ṣe òun. Àṣé Blossom kò mọ nǹkan kan nípa ikú tí ń bọ̀, nítorí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó fi ta ọkùnrin náà lọ́rẹ, ìfẹ́ tòótọ́ ni. Ibẹ̀ ni ọkàn Lachlan ti rọ̀. Ẹni tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀ rárá ni gbogbo ìtàn yí lé lórí.

Nígbẹ̀yìn, Martins padà sí Èkó. Ní ọdún 1970, ó kópa nínú Kongi's Harvest, fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú eré Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ. Ọmọ ilẹ̀ wa ni ó kọ ìtàn náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Kongi; aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, Ossie Davis, ló darí rẹ̀. Ẹni tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìtàn tí òyìnbó ń sọ nípa wa wá rí ìtàn tí àwa fúnra wa sọ. Ó kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí fíìmù bá parí, tí orúkọ àwọn òṣèré bá ń kọjá lójú àwòrán, ẹ má tètè pa á. Ẹ dúró ka ti àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ìka tó kéré jù náà sì wà lára ọwọ́.