Ewé Mọ́ínmọ́ín Kì í Dá Gbé Inú Igbó

 Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti ìrẹsì ọ̀fadà ní Abúlé Òkúta àti ní ọjà Bàrígà, ẹ̀yin gan-an la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lóṣù yìí. Nígbàkígbà tí ẹ bá wá yáwó, ẹjọ́ kan náà lẹ máa ń rò: ewé ti wọ́n, ìdì rẹ̀ sì ń kéré sí i. Àwọn kan ti tìtorí rẹ̀ yà sídìí ọ̀rá. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de tékàwéè funfun, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2025, òfin mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ewé wá di ọ̀rọ̀ owó ọjà wa.

Kí ló mú ewé wọ́n? Ewé mọ́ínmọ́ín, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé eéran, kì í ṣe ohun tó ń gbé gbangba oòrùn. Abẹ́ igi ńlá ló fẹ́, níbi tí ibòòji wà, tí ilẹ̀ sì tutù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń so gẹdú pọ̀, tí wọ́n ń fà á gba orí ọ̀sà lọ sí Oko Baba ní Ẹ̀bútémẹ́ta, tí àwa sì ń dúró létí omi Bàrígà tí à ń wò ó. Gẹdú wọ̀nyẹn ni ibòòji ewé wa. Igi lọ, ewé náà bá a lọ.

Ẹni tó bá mọ ewé já kì í já a tán. Èyí tó gbó ló máa ń mú, á fi ọ̀dọ́ tó ṣì ká jọ sílẹ̀, kò sì jẹ́ wú gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá sọ ìdí rẹ̀: gbòǹgbò yẹn ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ bíi ti atalẹ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ tí ewé ń ṣe máa ń kó pa mọ́ sí, láti ibẹ̀ sì ni ewé tuntun ti ń yọ. Ẹni tó bá já gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti kó àpò ìfowópamọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àjẹṣẹ́kù ni àwa náà ń ṣe níbí.

Èso rẹ̀ ńkọ́? Ó pupa, ó ní igun mẹ́ta, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń so sí. Ọmọdé oko a máa lá ohun tó bo kóró rẹ̀, adùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lẹ́nu. Òyìnbó oníṣègùn kan, W. F. Daniell, rí bí àwọn ènìyàn ìhà ọ̀dọ̀ wa ṣe ń fi í mú ẹmu àti oúnjẹ dùn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1855. Ní 1972, àwọn onímọ̀ ní Netherlands yọ adùn náà sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní thaumatin. Ó fi ìlọ́po tó ju 2,000 lọ dùn ju ṣúgà lọ. Ní Samreboi, ní Ghana, wọ́n ń ra èso náà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwa ńkọ́? Ewé nìkan la mọ̀ ọ́n tà! Ó dùn wá díẹ̀.

Kí ẹ̀yin alápọ̀n má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Igi òro tí àpọ̀n ti ń wá, erin wà lára àwọn tó ń bá a gbin ara rẹ̀. Á gbé èso mì, á rìn lọ jìnnà, á yàgbẹ́, kóró á sì hù níbẹ̀. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé ọ̀nà erin kì í ṣàì gba ìdí igi eléso. Nígbà tí Stephen Blake àti ẹnìkejì rẹ̀ wọn ọ̀nà erin nínú igbó Congo, ohun kan náà ni wọ́n kọ jáde ní 2004. Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925. Bí erin bá tán níbẹ̀, ta ni yóò máa gbé kóró òro rìn?

Ohun tí ìgbìmọ̀ rò ni pé kí á gbin ewé fúnra wa. Ẹni tó bá ní oko kòkó tàbí oko obì nílé, ibòòji ti wà níbẹ̀ ná. Gbòǹgbò ni kí á gbìn, nítorí kóró rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó hù. Kò ní yá bí èlé orí owó o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Ẹni tó bá sì ń ti Ìjẹ̀bú bọ̀, kó bá wa mú gbòǹgbò bíi mélòó kan dání, tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti pọ́n mọ́ínmọ́ín fún ogún ọdún tí kò tíì rí ibi tí ewé ti ń hù.