Gẹ̀ẹ́sì Tí A Ń Sọ Lójoojúmọ́, Gẹ̀ẹ́sì Tí Wọ́n Fi Ń Dán Ni Wò

Bí ọjọ́rú bá ti pé, ẹni tó ń kánjú kì í gba Rumuokwurushi ní Port Harcourt kọjá. Ọjọ́ ọjà Oil Mill ni. Òkìrìkà, iṣu, ẹja gbígbẹ, ìkòkò ìdáná, gbogbo rẹ̀ á ti tẹ́ rẹrẹẹrẹ dé ẹ̀bá títì tó lọ sí Aba, ọkọ̀ á sì máa rìn bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀. (Okrika, ìlú etí omi kan tí kò jìnnà sí Port Harcourt, ni aṣọ òkìrìkà tí a ń wọ̀ n'Ìbàdàn àti l'Ékòó ti gba orúkọ.) Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, etí èèyàn á ti gbọ́ Ikwerre, Ìgbò, Pijin, àti Yorùbá lẹ́nu àwọn ará wa tó ti fi Port Harcourt ṣe ilé. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti báńkì, ti ilé ìwòsàn tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, inú Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ti ń pàdé.

Ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò yìí, ì báà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí ọmọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Òun ló fi ṣe WAEC. Òun ni JAMB fi dán an wò, nítorí kò sí ẹni tó lè fo Use of English, ohun yòówù kó fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Òun ló fi di nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà. Lọ́jọ́ tó bá wá ní òun fẹ́ já pa, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ pàdé ni pé: ṣé o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè náà ń dun àwọn èèyàn Port Harcourt gan-an, wọ́n sì ní ìdí. Elechi Amadi tó kọ The Concubine, ìwé tó jáde ní 1966, ọmọ Ikwerre láti Aluu ni, ìran kan náà pẹ̀lú àwọn ará Rumuokwurushi. Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ogoni ní ìpínlẹ̀ Rivers kan náà, kọ Sozaboy ní 1985. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kó lè dún bí ohùn ọmọdékùnrin tó wọ iṣẹ́ ológun. Ní 2014, UNESCO fi Port Harcourt ṣe Olú-Ìlú Ìwé Lágbàáyé. Ìlú tó ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ san owó ńlá kí wọ́n tó lè fi hàn pé àwọn lè ka ìwé.

Port Harcourt náà ni Ebenezar Wikina fi ṣe ibùjókòó nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Policy Shapers, gbé ọ̀rọ̀ náà síta ní 2021. Ohun tí wọ́n ń béèrè yé tọmọdé tàgbà: kí ló dé tí ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, tí ọmọ Jamaica tàbí ọmọ Guyana kò ní ṣe é? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àkójọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń sọ. Malta wà níbẹ̀, Trinidad wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo. Ó lé ní 80,000 èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èsì tó ti Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba náà tó ń rí sí físà, wá ni pé kí orílẹ̀-èdè kan tó lè wọ àkójọ náà, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà pé ó ju 51% àwọn ará ibẹ̀ lọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àkọ́sọ fún.

Òṣùwọ̀n yẹn kò bá ọ̀rọ̀ mu. Kò sí ẹni tó ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìyá wa, kò sì yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí yunifásítì nílò láti mọ̀ ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà sì ti ń ṣe láti jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Bìrìtìkó ń gba èsì Gẹ̀ẹ́sì WAEC lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, tí máàkì rẹ̀ bá tó iye tí wọ́n fẹ́, tí wọn kì í sì í béèrè ìdánwò mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀. Wọ́n á ti sanwó IELTS kí wọ́n tó ka ojú ewé tí yunifásítì náà kọ ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n fún nọ́ọ̀sì, dókítà àti ẹni tó fẹ́ lọ máa gbé Kánádà, ìdánwò ṣì wà lójú ọ̀nà bí òkè, àfi kéèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún.

Ibi tí èèyàn ń lọ ló ń yan ìdánwò fún un. Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Bìrìtìkó. IELTS Academic tàbí OET ni NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀, ń gbà. Nínú IELTS, tí máàkì rẹ̀ ga jù ní 9, ó gbọ́dọ̀ gba 7 nínú gbígbọ́, kíkà àti sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ. Láti 2023 ni àjọ náà sì ti fàyè sílẹ̀ sí i pé èèyàn lè pa èsì ìdánwò méjì pọ̀, bí wọ́n bá bọ́ sáàárín oṣù 12 síra wọn, tí máàkì kankan kò sì wálẹ̀ jù. OET ní tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ìlera nìkan ló wà fún. Níbẹ̀, dípò kí nọ́ọ̀sì kọ àròkọ lórí bóyá ó yẹ kí ọmọdé ní fóònù, lẹ́tà ni yóò kọ láti fi aláìsàn lé oníṣẹ́ ìlera mìíràn lọ́wọ́. Níbi ọ̀rọ̀ sísọ, yóò bá ẹni tó ń ṣe bí aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún ní wọ́ọ̀dù mọ iṣẹ́ yẹn bí ẹni mọ owó. Nọ́ọ̀sì tí kíkọ IELTS ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì, kó yẹ OET wò dáadáa kó tó sanwó lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹni tó ń lọ Kánádà láti máa gbé ibẹ̀ kò nílò Academic rárá. IELTS General ni Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń yan àwọn tí yóò wá máa gbé ibẹ̀, ń gbà, pẹ̀lú ìdánwò CELPIP àti PTE Core. Àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà a máa pe máàkì tí wọ́n ń lé ní 8-7-7-7: 8 nínú gbígbọ́, 7 nínú mẹ́ta yòókù. Máàkì náà ló ń gbé èèyàn dé ìpele CLB 9 nínú òṣùwọ̀n èdè ti Kánádà, ibi tí ojúàmì rẹ̀ ti ń ga sókè lójijì. Ẹni tó bá wá ṣe Academic fún Express Entry, kódà kó gba 9, wọn kò ní gbà á.

Amẹ́ríkà ni ìdánwò TOEFL ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ṣì ti le jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n yí i padà, tí máàkì rẹ̀ di 1 sí 6. Nítorí náà, ìwé ìgbáradì tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè máa kọ́ni ní ohun tí kò sí mọ́. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti Duolingo ní tirẹ̀, owó rẹ̀ kéré, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà sì ń gbà á, ṣùgbọ́n kò sí lára ìdánwò tí Home Office fọwọ́ sí fún físà Bìrìtìkó. PTE ti Pearson, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, kọ̀ǹpútà ni èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, makirofóònù á ti pa, ìbéèrè yẹn á sì kọjá lọ. Ẹni tó máa ń ronú kó tó la ẹnu gbọ́dọ̀ mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìmúra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ dán wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdánwò náà ní àṣà tirẹ̀, bí ìyàwó tuntun ṣe ń bá àṣà pàdé nílé ọkọ. Ẹ wo gbígbọ́ ti IELTS: ìbéèrè 40, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ohùn kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan á pe nọ́ńbà fóònù, á ní “double three”, á pe òdo ní “oh”. Òmíràn á sọ pé ọjọ́ ìṣẹ́gun ni òun ń bọ̀, kó tó yí ọ̀rọ̀ padà pé rárá, ọjọ́rú ni. Ẹni tó ti sáré kọ ìṣẹ́gun sílẹ̀ ti pàdánù. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ sí orí ìbéèrè pé ìdáhùn kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò ní máàkì, bó ti wù kó tọ́ tó.

Kíkà ló tún ní ẹ̀tàn jù. Wọ́n á fún èèyàn ní àyọkà, wọ́n á to gbólóhùn sílẹ̀, kó wá sọ bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ True, False tàbí Not Given. Ká ní àyọkà náà sọ pé ọjọ́rú ni wọ́n ń ná ọjà Oil Mill. Gbólóhùn kìíní ní ọjọ́bọ̀ ni. False nìyẹn, nítorí àyọkà ta kò ó. Gbólóhùn kejì ní kò sí ọjà tó tóbi tó o ní Rivers. Ọmọ Rumuokwurushi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ná an láti kékeré á fẹ́ mú True. Ẹni tó ń gbé nítòsí ọjà Mile One á fẹ́ mú False. Àwọn méjèèjì ló gba òdo. Not Given ni ìdáhùn, nítorí àyọkà kò sọ ohunkóhun nípa títóbi ọjà náà. Ìmọ̀ tí èèyàn gbé ti ilé wá kò wúlò níbẹ̀. Ohun tó wà lórí ìwé nìkan ni.

Kíkọ jẹ́ iṣẹ́ méjì nínú wákàtí kan. Èkejì, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250, ní máàkì ìlọ́po méjì èkínní, síbẹ̀ àwọn kan á lo ìṣẹ́jú 35 lórí èkínní. Èdè wa pẹ̀lú a máa yọjú níbẹ̀. Yorùbá máa ń gbọ́ òórùn, ṣùgbọ́n òyìnbó kì í fi “hear” pe ìyẹn. Ẹni tó ń jáde nílé á ní “mò ń bọ̀”, ó dáa bẹ́ẹ̀ nílé wa; bó bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ á dojú rú fún òyìnbó. Kí èèyàn fi ọ̀sẹ̀ kan kó irú wọn jọ sínú ìwé kékeré, yóò yà á lẹ́nu.

Níbi sísọ, àṣà wa ló ń dá wa dúró. A ti tọ́ ọmọ pé bí àgbà bá bi í ní ọ̀rọ̀, kó dáhùn níwọ̀n, kó dákẹ́. Olùdánwò IELTS kò fẹ́ ìyẹn. Á fún èèyàn ní káàdì kan, ìṣẹ́jú kan láti ronú, lẹ́yìn náà kó máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì láìdúró. Ìwọ̀sí kọ́ ni ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀; òun ni wọ́n ń wá. Kò sì sí ìdí láti fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn Ìjẹ̀bú tàbí ti Ikwerre kì í gba máàkì lọ́wọ́ èèyàn bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yé olùgbọ́. “Ship” tó bá di “sheep” ni kó ṣọ́.

Ohun tó sì dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni kí èèyàn ṣe odindi ìdánwò kan nílé kó tó kàn sí olùkọ́ kankan. Àpẹẹrẹ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ British Council àti IDP tó ń ṣètò IELTS. Kó gbé agogo síwájú, kó pa fóònù. Ní Rumuokwurushi, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á máa dún ní ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà; nítorí náà, ìdájí ni wákàtí tó dára jù fún gbígbọ́, kí àdúgbò tó jí. Kó gbọ́ ohùn Ọsirélíà àti ti Skọ́tílándì pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe ohùn BBC àtijọ́ nìkan ni yóò pàdé.

Owó tó ń lọ sí i ló jẹ́ kí ìmúra ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Owó ìdánwò IELTS ti kọjá ₦200,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Rivers kéde ní 2024 sì jẹ́ ₦85,000: òṣìṣẹ́ tó ń gbà á kò ní jẹun fún oṣù méjì, owó náà kò sì ní tíì pé. Ọdún méjì ni èsì náà sì ń lò kó tó kú. Ẹni tí ètò ìrìnàjò rẹ̀ kò tíì dájú, tó sáré ṣe é, lè ní láti tún un ṣe. Inú ìnira owó yìí náà ni àwọn tó ń ta “runs” ti ń rí ẹran pa, tí wọ́n ń ṣèlérí pé àwọn á wá ẹni tí yóò bá èèyàn jókòó ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ya fọ́tò ẹni tó wá ṣe ìdánwò lọ́jọ́ náà, yunifásítì àti iléeṣẹ́ físà sì lè yẹ èsì wò fúnra wọn. Ẹni tí wọ́n bá mú, owó rẹ̀ lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì dí.

Ohun kan ṣì kù tó ń dun ọmọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ: orúkọ. Olúwaṣeun nínú ìwé ẹ̀rí WAEC, Seun nínú báńkì, Oluwa-seun pẹ̀lú àmì láàárín nínú pásípọ́ọ̀tù. Èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kó fi forúkọ sílẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó. Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, pásípọ́ọ̀tù yẹn gan-an ni wọn yóò béèrè, wọn kò ní gba fọ́tòkópì.