Bisikíìtì oní-ṣokoléètì: ìṣirò ló ṣòro, kì í ṣe iná

Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá jáde fún ìsinmi àárọ̀, àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n máa ń sáré lọ bá. Àkàrà wà níbẹ̀, yovo-doko wà níbẹ̀, ẹ̀pà sísun àti kúlíkúlí náà wà níbẹ̀. Bisikíìtì inú ọ̀rá kò sì gbẹ́yìn. Àwọn nǹkan yòókù, ọwọ́ ìyá tó ń tà wọ́n ló sè wọ́n, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ṣe bisikíìtì. Ìyá kàn ń rà á, ó ń tún un tà, èrè tó ń rí lórí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣé kò ṣeé ṣe kí ó ṣe é fúnra rẹ̀ nílé, kódà èyí tó ní ègé ṣokoléètì nínú, tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn? Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣírò dáadáa lè fi òógùn ojú rẹ̀ bọ́ oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́.

Olóúnjẹ ojú ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Bisikíìtì oní-ṣokoléètì kò ti ilé iṣẹ́ ńlá wá. Obìnrin olóúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde. Ruth Wakefield ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1903 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé, ó sì ṣe olùkọ́. Ní ọdún 1930, òun àti Kenneth ọkọ rẹ̀ ra ilé àtijọ́ kan ní ìlú Whitman, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n sọ ọ́ di ilé oúnjẹ àti ibùwọ̀ àlejò, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Toll House Inn. Ní nǹkan bí ọdún 1938, Ruth gé ṣokoléètì sí wẹ́wẹ́, ó dà á mọ́ ìyẹ̀fun bisikíìtì rẹ̀, ó sì sun ún. Ṣokoléètì náà rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ́ dànù. Àwọn àlejò jẹ ẹ́, wọ́n sì tún ń béèrè rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣìṣe ló bí bisikíìtì náà. Ó ṣòroó gbà gbọ́. Obìnrin yìí ti fi oúnjẹ ṣe ẹ̀kọ́, ó ń kọ ìwọ̀n ohun gbogbo sílẹ̀, ó sì tẹ ìwé oúnjẹ sísè jáde. Ìwọ̀n tó kọ sílẹ̀ yìí ló jẹ́ kí ẹlòmíràn lè ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tó di ọdún 1939, ilé iṣẹ́ Nestlé bẹ̀rẹ̀ sí ta ṣokoléètì tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì tẹ ìlànà Ruth sí ara ọ̀rá rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé dọ́là 1 ni àdéhùn owó rẹ̀, pẹ̀lú ṣokoléètì ọ̀fẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ará ilé ń fi bisikíìtì náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun, báyìí ni òkìkí rẹ̀ ṣe kàn káàkiri. Ruth kú ní ọdún 1977, iná sì jó ilé oúnjẹ náà ní ọdún 1984. Bisikíìtì rẹ̀ kò kú.

Ohun tí ẹ máa lò

Èyí ni ìwọ̀n tí yóò fún yín ní nǹkan bí bisikíìtì 30. Ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 250, bọ́tà tàbí margarine gíráàmù 150, ṣúgà gíráàmù 150, ẹyin 1, ṣokoléètì gíráàmù 150, iyọ̀ díẹ̀, àti ìdajì ọ̀rá kékeré levure chimique. Ẹ má ṣe fi ìwúkàrà búrẹ́dì dípò rẹ̀ o, iṣẹ́ wọn kò jọra. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó wọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ẹni tó ní, kí ó sì fi àmì sí ara agolo rẹ̀. Agolo kan náà ni kí ó máa lò títí.

Ẹ kọ́kọ́ po bọ́tà àti ṣúgà títí yóò fi funfun díẹ̀. Ẹ fọ́ ẹyin sí i, ẹ pò ó. Ẹ da ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti levure sí i, ẹ rọra pò ó mọ́ra, kí ẹ má ṣe pò ó bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, nítorí àpòjù máa ń mú kí bisikíìtì le. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ da ègé ṣokoléètì sí i. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára láti gé e, nítorí ṣokoléètì máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 34, bẹ́ẹ̀ ooru ara ènìyàn ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá rí ibi tútù, ẹ gbé àpòpọ̀ náà síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ó lè dì díẹ̀. Bí bọ́tà bá ti rọ̀ jù kí ó tó dé orí iná, bisikíìtì yóò tẹ́ pẹrẹsẹ.

Sísun láìsí ààrò ìgbàlódé

Ẹ wá ìkòkò ńlá tó nípọn. Ẹ da iyanrìn tí ẹ ti fọ̀ tó sì ti gbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ga tó ìka méjì. Ẹ to òkúta mẹ́ta sórí iyanrìn, ẹ dé ìkòkò, ẹ gbé e ka iná èédú fún ìṣẹ́jú 15 kí inú rẹ̀ lè gbóná. Ẹ ṣù ìyẹ̀fun náà ní róbótó bí ẹyin àparò, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn lórí àwo irin, kí ẹ sì gbé àwo náà ka òkúta mẹ́ta yẹn. Ẹ dé ìkòkò padà, ẹ kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ìdérí rẹ̀, kí òkè náà lè pọ́n.

Bisikíìtì kan ṣoṣo ni kí ẹ fi dán an wò lákọ̀ọ́kọ́. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 12 sí 15. Bí etí rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ gbé e kúrò, bí àárín rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀. Ooru tó wà lára àwo yóò parí iṣẹ́ náà, bisikíìtì yóò sì le bó bá ti ń tutù. Ẹni tó bá dúró kí àárín rẹ̀ le lórí iná, òkúta ni yóò kó jáde. Ẹni tó ń gbé nítòsí ilé búrẹ́dì lè bá wọn dúnàádúrà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo ààrò wọn lẹ́yìn tí búrẹ́dì bá ti jáde. Ìyẹn yára ju ìkòkò lọ.

Ẹ mú bébà àti gègé

Ibí yìí ni ọjà ti ń jẹ́ ọjà. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Kí olúkúlùkù fi iye ọjà ìlú tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní ohun èlò jẹ́ 2,400 sẹ́fà, èédú 300, ọ̀rá 150, owó ọkọ̀ 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,000 sẹ́fà. Bisikíìtì 30 ló jáde, ṣùgbọ́n 2 fọ́, àwọn ọmọ ilé sì jẹ 2. Ó ku 26. Ẹni tó bá tà á ní 100 sẹ́fà yóò rí 2,600: ó ti pàdánù 400, bẹ́ẹ̀ ó rò pé òun ń tajà. Ní 125 sẹ́fà, èrè rẹ̀ jẹ́ 250. Ní 150, èrè di 900. A kò sì tíì ka agbára rẹ̀ mọ́ ọn. Bí àwọn oníbàárà ìlú yín kò bá lè san 150 sẹ́fà, ẹ dín owó ohun èlò kù, tàbí kí ẹ ṣe bisikíìtì náà kékeré sí i kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà.

Ṣokoléètì ló sábà máa ń gba owó jù nínú rẹ̀. Kòkó wọ́n gógó ní ọdún 2024 nítorí pé òjò kò ṣe déédéé, àìsàn sì kọlu igi kòkó ní Côte d'Ivoire àti Gánà, níbi tí ohun tó ju ìdajì kòkó àgbáyé ti ń wá. Iye tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Kòkó náà kò jìnnà sí wa: wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè Kpalimé àti Badou ní Tógò, wọ́n ń gbìn ín ní ilẹ̀ Oǹdó. Èso rẹ̀ ń lọ sí òkè òkun, ó ń padà wá bá wa nínú ọ̀rá pẹ̀lú owó ńlá.

Ṣùgbọ́n Ruth alára kò fi ṣokoléètì nìkan ṣe tirẹ̀, ó da ẹ̀pà òyìnbó gígé mọ́ ọn. Àwa náà ní kajú. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí lọ sí òkè òkun, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè wà nílé. Kajú tó fọ́ kì í wọ́n tó odindi, bisikíìtì kò sì bìkítà bóyá ó fọ́. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó bá fi gíráàmù 75 kajú rọ́pò ìdajì ṣokoléètì, ó ti ń ta èso ilẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kí ó ṣáà máa sọ fún oníbàárà pé kajú wà nínú rẹ̀, nítorí ara àwọn mìíràn kò gbà á.

Ẹ ṣe ìwọ̀n kan ní ọjọ́ ìsinmi, kí àwọn ará ilé jẹ ẹ́. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ná sílẹ̀, kí ẹ sì ka iye tó jáde. Bí ìṣirò bá ti fi èrè hàn, ẹ lè gbé ìgbá yín lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Bí kò bá sì fi hàn, ẹ mọ̀ ọ́n nílé, kò tíì jẹ owó ọjà yín.